Èéfín Ẹja Ń Wọlé Tọ̀ Wá ní Ẹ̀pẹ́: Ká Dákẹ́ Ni, àbí Ká Sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ̀pẹ́ là ń gbé, a ò sì tíì lo ọdún kan nínú ilé tá a wà yìí. Ìyá kan ń yan ẹja lẹ́yìn fèrèsé wa gan-an, fẹ́ǹsì kan ló là wá. Bí aago márùn-ún ìdájí bá ti lù, èéfín á ti kún yàrá, ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀. Aṣọ wa ń rùn, bẹ́ẹ̀dì ń rùn, irun mi ń rùn. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, kì í yéé wúkọ́. Ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé àgbàlagbà ni ìyá náà. Lańlọ́ọ̀dù ní ìyá ti wà níbẹ̀ kí òun tó ra ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pariwo lé e lórí láti ojú fèrèsé, ó sì bú mi dé ìdílé. Ṣé ká kó jáde ni, àbí kí n pe ọlọ́pàá?

* * *

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọmọ ni ká kọ́kọ́ sọ. Ikọ́ ọmọ ọdún méjì tí kò lọ kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la, kó o sì fẹnu ara ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé inú èéfín lẹ ń sùn, inú rẹ̀ lẹ ń jí. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní ọmọ ń wúkọ́, wọ́n á gba oògùn ikọ́, wọ́n á gbé ọmọ padà sínú èéfín kan náà. Tó o bá rí i pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú bó ṣe ń mí, má dúró dọ̀la. Lóru yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbéra.

Ti ọlọ́pàá àti ti kíkó jáde, mo máa dé ibẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wá. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí, ní Ẹ̀pẹ́ yìí. Ẹja ni màámi fi rán wa níléèwé. Tó bá ti ra àrọ̀ wálé láti ọjà Olúwo, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ ò fi ní máa yọ̀ mọ́. A á ká a, a á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ìrù mọ́ ẹnu. Àgbá tí wọ́n gé sí méjì ni ààrò wa, àwọ̀n irin wà lórí rẹ̀, páálí àti páànù àlòkù la fi ń bo ẹja. Bí omi ara ẹja bá ti ń kán sórí igi tí kò tíì jó dáadáa, èéfín funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lábẹ́ páànù, á nípọn bí òwú. Nǹkan bíi wákàtí kan àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù. Tí ara ẹja bá ti gbẹ díẹ̀, tí igi sì ti di ẹ̀yinná, kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ta ló wà nínú wákàtí kan àkọ́kọ́ yẹn? Màámi ni. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata. Á fi etí ìró nu omijé, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fẹ́ná. Ikọ́ rẹ̀ làwa ọmọ fi ń mọ̀ pé ó ti jí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ni èéfín ìdáná inú ilé ṣekú pa káàkiri ayé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn. Ọmọ tìẹ wà nínú ewu lóòótọ́. Ìyá tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ààrò náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ló tún sún mọ́ ọn jù.

Mi ò sọ èyí kí àánú rẹ̀ lè pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tó bá dín èéfín kù láyà rẹ̀ náà ló máa dín in kù lójú fèrèsé rẹ. Ọ̀rọ̀ tí wàá gbé lọ bá a nìyẹn. Tó o bá ní kó paná, ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lo gbé dé, kò sì ní gbọ́ ìyókù.

* * *

Mo ti ka ohun táwọn yòókù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Èyí tó pọ̀ jù ni pé kó fara dà á, pé àdúgbò ni, pé kò sẹ́ni tí kì í dáná. Mi ò gbà. Pé ìyá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀wọ̀ ló gbà fún un. Kò gba àṣẹ fún un láti fi èéfín kún àyà ọmọ ọlọ́mọ. Lańlọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó mọ̀ pé ààrò ẹja wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó la fèrèsé yàrá síbẹ̀, ó gbowó lọ́wọ́ ayálégbé, kò sọ fún wọn. Ẹ̀bi tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Tó bá kan ọ̀rọ̀ owó, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò.

Àwọn kan ní kó pe ọlọ́pàá kíá. Ẹ̀yin ará, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọlọ́pàá á wá, á lọ. Ìyá á tún dáná lọ́la, torí ẹja tó rà láwìn wà nílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó bàjẹ́ sí òun lọ́rùn. Ohun tó máa yí padà ò ju pé kò ní fẹ́ gbóhùn rẹ mọ́ láé.

Ẹnì kan ní kó yọ́ lọ da omi sí ààrò lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú ẹ̀. Owó iléèwé ọmọ ọlọ́mọ lẹ dà nù yẹn.

Kíkó jáde? Ẹni tó lágbára ẹ̀ lè kó. Àmọ́ owó ilé, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ́ọ̀nù, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí báyìí. Ẹni tó sá fún ẹja sì lè bá jẹnẹrétọ̀ pàdé níbi tó kó lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà ló kàn. Ẹnì kan láti Ìkòròdú ní aládùúgbò òun ń gbé tiẹ̀ sínú kọ́rídọ̀ nítorí olè. Ó ń béèrè bóyá kí òun náà rọra dúró de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kóun lọ fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́.

Rárá o. Lọ kan ilẹ̀kùn nísinsìnyí. Gbogbo sùúrù tí mo ń sọ, mi ò sọ ọ́ fún jẹnẹrétọ̀. Nínú èéfín rẹ̀, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú. Èéfín ẹja á jí ẹ lójú oorun. Èyí á jẹ́ kó o máa sùn lọ. Ẹni tó bá wà lójúfò lè rí i pé orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun, ara òun kò lókun. Ẹni tó ti sùn lè má rí àmì kankan.

Mo ti gbé Ìkòròdú rí, nílé fésì-mí-n-fésì-ẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkùnrin tó wà ní yàrá ẹnu ọ̀nà gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ wọ kọ́rídọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn ìta. Ìtọ̀ ló jí mi. Mo dìde, orúnkún mi ò gbà mí, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Mo pe ọkọ mi, ó ń dáhùn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Mo rákò, mò ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń lọ, títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà tí mo sì ṣí i. Inú òjò ni gbogbo wa jókòó sí, tọmọdé tàgbà, à ń bì. Kò sẹ́ni tó kú. Ọkùnrin náà sunkún lọ́jọ́ yẹn, torí ọmọ tirẹ̀ méjì wà nínú wa. Kò mọ̀ ni.

Ohun táwọn onímọ̀ ìlera ń sọ ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ibi tí èéfín ń gbà jáde sì kọjú síta. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Ní ti olè, ẹ dáwó, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò onírin fún un níta, kẹ́ ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo dè é mọ́ òpó. Ohun tá a ṣe níbẹ̀ nìyẹn, yàrá mẹ́jọ ló dáwó rẹ̀.

* * *

Ẹni mẹ́ta ti ní kí wọ́n fún ọmọ ní mílíìkì tàbí epo pupa kó lè fọ èéfín kúrò láyà. Ìyá ọkọ mi náà gbé epo dé lọ́jọ́ ti Ìkòròdú yẹn, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí. Ohun tá a bá gbé mì, inú ikùn ló ń lọ. Èéfín ti gba ọ̀nà mìíràn wọ ẹ̀dọ̀fóró, mílíìkì ò lè bá a níbẹ̀. Epo tí wọ́n bá fipá rọ fún ọmọ tó ń wúkọ́ lè ṣì wọ ọ̀nà èémí, wàhálà tuntun nìyẹn. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá mú, ẹ gbé e síta níbi tí afẹ́fẹ́ tó mọ́ wà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti lè fún un ní ọ́síjìn.

* * *

Àwọn kan tún mẹ́nu ba aládùúgbò tó ń sun ìdọ̀tí. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ń dáná kó lè jẹun. Ẹni tó ń sun ọ̀rá, ike, pámpásì àti táyà lẹ́yìnkùlé, kò sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni nínú iná yẹn, májèlé ló ń fẹ́ sí àdúgbò. Wọ́n á ní mọ́tò PSP tó ń kó ìdọ̀tí ò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dun èmi náà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí CDA kọ̀wé sí LAWMA, àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láyé àwọn bàbá wa, wolé-wolé ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lóde òní, àjọ LASEPA ló ń rí sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti ariwo ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó ń sun ìdọ̀tí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo máa fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tẹ́lọ̀ kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Aṣọ oníbàárà tó bá rán tó sì fi kọ́, òórùn ẹja ló máa ń gbà. A mọ̀ pé inú ń bí i, ṣùgbọ́n kò pariwo rí. Lọ́jọ́ kan tí màámi ti ọjà dé, tí ààrò ti tutù, tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, àǹtí tẹ́lọ̀ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ra ẹja. Lẹ́yìn náà ló fa búláòsì funfun kan yọ nínú ọ̀rá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀." Màámi gbé e símú. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, kó tó ṣáná, èmi ló ń rán: "Lọ sọ fún àǹtí pé a fẹ́ dáná o." Màá sáré lọ kan fèrèsé. Àǹtí á ká aṣọ wọlé, á ti fèrèsé tó kọjú sí wa, á ṣí ti òdìkejì. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn méjèèjì jọ ra páànù mẹ́rin tí wọ́n fi ṣe ìbòjú sí ẹ̀gbẹ́ ààrò.

Àbúrò mi, ìwọ ti pariwo ní tìẹ, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ló ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mú ọkọ ẹ dání, kó gbọ́ ohun tí ẹ jọ sọ, kó má tún sọ nílé pé kó o fara dà á. Ẹ má lọ nígbà tí iná ń jó, tí èéfín wà lójú ẹ̀yin méjèèjì. Ra ẹja rẹ̀. Gbé ọmọ dání, kí ìyá gbọ́ ikọ́ náà fúnra rẹ̀. Kó o wá sọ̀rọ̀ igi.

Igi ni mo sọ, torí òun lẹnikẹ́ni kì í rántí. Igi tútù ló ń pọ̀ léèéfín. Èyí tó gbẹ dáadáa, tó ti wà lábẹ́ òrùlé kí òjò má pa á, iná ni yóò fún un, èéfín rẹ̀ ò ní pọ̀. Nígbà òjò, igi ilé wa máa ń rin gbingbin, ìgbà yẹn lojú màámi máa ń burú jù. Tẹ́ ẹ bá lè bá ìyá náà ta páànù méjì sórí igi rẹ̀, ẹ ti ṣe ohun ńlá fún ara yín.

Tówó bá wà, ààrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Chorkor. Orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra, ní Ghánà, ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é jáde ní nǹkan bí ọdún 1970. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á wá máa to àwọ̀n tí wọ́n fi pákó ṣe etí rẹ̀ léra lórí rẹ̀. Èéfín á máa gba àárín ẹja kọjá lọ sókè dípò kó máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi tó ń jẹ kéré, ẹja tó ń gbà pọ̀. Ẹlẹ́ja tó bá gbọ́ èyí á fẹ́ mọ̀ sí i, torí èrè tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tó kù ni atẹ́gùn. Ní ìdájí, pàápàá nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń dùbúlẹ̀, èéfín kì í ráyè gòkè, á kàn tẹ́ sáàárín ilé. Tí oòrùn bá ti mú, á máa lọ sókè. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ní kó máa dáná lọ́sàn-án. Ẹ má tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, atẹ́gùn ọ̀sán ń ti ọ̀sà wá sórí ilẹ̀ ni, gúúsù ló ti ń bọ̀. Tí ààrò bá wà láàárín ilé yín àti ọ̀sà, ọ̀sán gan-an ni yóò máa fẹ́ ẹ sínú fèrèsé yín. Lọ dúró níta, wo apá ibi tí ewé àgbọn ń tẹ̀ sí, kó o tó lọ bá a.

* * *

Wọ́n bi mí pé tó bá kọ̀ ńkọ́? Ìyálọ́jà àwọn ẹlẹ́ja ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹnu rẹ̀ jáde, kò sí ẹlẹ́ja tó máa fojú di í, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alága CDA tàbí baálẹ̀. Tí gbogbo ìyẹn bá já sí asán, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá Citizens Mediation Centre sílẹ̀ ní 1999 fún irú ìjà aládùúgbò báyìí. Wọn kì í gbowó, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó, kì í sì í ṣe kóòtù. LASEPA ló kẹ́yìn. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ síbẹ̀, ẹ kàn má fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú ilé, ti fèrèsé apá ibi tí èéfín wà kí wọ́n tó ṣáná, ṣí ti òdìkejì. Fi táwẹ́ẹ̀lì tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Má tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde níkọ̀ọ̀nì nígbà yẹn, torí bó ṣe ń fà á jáde ni èéfín á máa wọlé láti apá kejì láti dípò rẹ̀. Ìbòmú aláṣọ kì í dá èéfín dúró, má gbọ́kàn lé e. Gbé ọmọ lọ sùn ní yàrá tó jìnnà jù sí ààrò, kódà bó bá jẹ́ pé pálọ̀ ni.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì di òtútù àyà, wọ́n fún ọmọ lóògùn, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní ìyá kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó na ọwọ́ gbà á, ó gbé e sítan. Ìdájí tó ń dáná ni kò lè yí padà, torí àwọn tó ń ti ìgboro Èkó wá kó ẹja máa ń dé ní aago mẹ́wàá. Ó gbà kí wọ́n gbé àgbá lọ sí òdìkejì ilé ìdáná rẹ̀. Ilé àbúrò wa wà ní àríwá ààrò. Lańlọ́ọ̀dù ti ní òun á mú páànù méjì wá.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, má tún yọ ìyá lẹ́nu lórí aago. Ilé yín tó wà ní àríwá ààrò yẹn, ọ̀sán ì bá burú fún yín ju ìdájí lọ. Ní Sátidé tí kò ní dáná, ẹ kó eérú inú àgbá kúrò lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kó lè tutù, kí ọkọ ẹ àti ẹnì kan sí i gbé e, torí irin rẹ̀ wúwo, etí rẹ̀ sì ń géni lọ́wọ́. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tì í nísàlẹ̀. Páànù kan lórí igi, èkejì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí yín. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kó o fọ kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, kó o lè mọ̀ lọ́jọ́ Monday tó bá dáná bóyá ó ṣì ń wọlé. Tó bá ṣì ń wọlé, kọ apá ibi tó ń gbà wá síbí, ká jọ wò ó.